Bí Bàbá Onígẹdú Ṣe Kọ́ Mi Ní Ìrìn

"Ta ló ń gúnyán lójú ọ̀nà yẹn?"

Ẹ̀yìn ògiri amọ̀ ni ohùn náà ti jáde, mo sì dúró gbagidi bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ oko olóko. Bàbá àgbà tó ni ohùn náà kò rí mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ló jókòó sí, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, ó ń hun ìgèrè, agbọ̀n gígùn tí àwọn apẹja máa ń rì sínú odò láti fi mú ẹja. Mo ń gbọ́ bí pànkẹ́rẹ́ ṣe ń dún lábẹ́ ọ̀bẹ rẹ̀. Ní ẹ̀yìnkùlé wa, tó kan tirẹ̀, ìyá mi ń yí pupuru, ẹ̀gẹ́ rírẹ tí a ń fi èéfín gbẹ, lórí àjà iná, èéfín ẹ̀gẹ́ sì ti gba gbogbo àdúgbò. Ebi ń pa mí, ẹsẹ̀ ń ro mí, n kò sì ní agbára àtibá àgbàlagbà tàkúrọ̀sọ. Mo yọjú sí i lẹ́nu ọ̀nà.

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ dà? Ìwọ ọma tínńtín yìí?" Ó yíjú padà, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ojú rẹ̀ sì dúró sí ẹsẹ̀ mi. "Mo ti ń wá ibi tí n ó sá gbà. Mo rò pé ẹfọ̀n ló tinú igbó jáde."

N kò rẹ́rìn-ín. Àkísà ni mo fi wé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọn. Gìgísẹ̀ mi ti là. Ilé-ìwé ni mo ti ń bọ̀, láti Igbotako, àwọn ẹgbẹ́ mi tí a jọ kúrò níbẹ̀ sì ti délé tipẹ́, wọ́n ti jẹun, wọ́n ti lọ pọnmi. Èmi nìkan ni mo máa ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn bí ìgbín. Bàbá náà gbé ìgèrè rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí n wá jókòó, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ tú àkísà náà.

Ilé-ìwé abúlé wa kò kọjá kíláàsì kẹta nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀síwájú, Igbotako ló ń lọ, ẹsẹ̀ ni yóò sì fi rìn ín, àlọ àtàbọ̀. Ọ̀nà náà la oko ẹ̀gẹ́ kọjá, ó wọ inú igbó ọ̀pẹ, ó gba àbàtà, ó sì gba orí ìtì igi kan ṣoṣo tí wọ́n gbé dábùú odò, kó tó yọ sójú títì. Àwọn ọmọ tó kù ń fi í ṣeré. Èmi ni ọ̀nà náà fẹ́ pa. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé ẹsẹ̀ mi wúwo. Bí mo bá ti ń bọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu gúnyán, wọ́n á máa wí pé "gbì, gbì, gbì," títí n ó fi kọjá. Ìgbà tí a bá sì fi máa rìn dé ìdajì ọ̀nà, èémí mi á ti tán, n ó wá wá kùkùté igi jókòó lé.

Bàbá mi kò kórìíra ìwé o. Òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ forúkọ sílẹ̀. Ohun tí kò lè fara dà ni kó máa rí ọmọ rẹ̀ tó ń tiro wọlé lójoojúmọ́. Ó ti là á mọ́lẹ̀ fún ìyá mi níṣojú mi pé ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fún mi kì í ṣe ẹsẹ̀ ọ̀nà jíjìn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ṣòwò ní Sàpẹ́lẹ̀ ti bímọ, ó ń wá ẹni tí yóò máa bá a gbé e. Bí àǹtí yìí bá ti wálé nígbà Kérésì, èmi ni yóò mú lọ. Ìyá mi sunkún. Èmi kò sunkún, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu mi mọ́. Mo fẹ́ràn ìwé ju ohunkóhun lọ láyé, mo sì ti rí àwọn ọmọ tó lọ gbé ọmọ ní ìlú òkèèrè. Wọn kì í padà sí kíláàsì.

Gbogbo rẹ̀ ni mo tú jáde fún bàbá náà, bó ti ń fi omi gbígbóná nu ẹsẹ̀ mi. Ó gbọ́ ọ tán, kò sọ pé pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ ní ìrìn?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Bàbá."

"Ó hàn," ló dáhùn.

Kò sí ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀. Bàbá Onígẹdú ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí iṣẹ́ gẹdú ló fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe. Nígbà tirẹ̀, igi ńláńlá tí wọ́n bá gé nínú igbó wa, wọ́n á yí i sínú odò, wọ́n á so wọ́n pọ̀, omi á sì máa gbé wọn lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń dúró dè wọ́n. Ẹni tó bá ń dà wọ́n lọ kì í jókòó. Orí igi ló ń rìn, láti ìtì dé ìtì, pẹ̀lú ọ̀pá gígùn lọ́wọ́, igi a sì máa yí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ síbi tí kò yẹ, àárín ìtì méjì ni yóò bá ara rẹ̀. Bàbá náà bá ara rẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Igi gba ọmọ-ìka méjì ní ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó sì ní láti tún ìrìn kọ́ bí ọmọ tó ń tẹ̀ẹ̀tẹ́. Mo rò pé ìdí nìyẹn tó fi mọ̀ pé ìrìn ṣeé kọ́. Ó ti dàgbà gan-an nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, àmọ́ bó bá ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá, ewé gbígbẹ kì í dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó mọ gbogbo abúlé ní ìró ẹsẹ̀. Yóò jókòó, yóò tẹ orí ba sórí ìgèrè, yóò sì máa sọ ẹni tó ń kọjá lẹ́yìn ògiri fún mi. "Eléyìí, inú ń bí i, wọ́n ti bá a jà nínú ulé." Tàbí, "Ìyá yẹn, orúnkún ọ̀tún ń dùn ún, kò fẹ́ ká mọ̀." N ó sáré lọ yọjú wò, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó sì bá a. Ó ní ìgò ògógóró kékeré kan lábẹ́ àga tó máa ń fi ẹnu kàn bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ó sì ní òun kì í mu ju èyí tí ẹsẹ̀ òun lè gbé lọ.

Ní ọjọ́ kejì tí mo ti ilé-ìwé dé, ó pè mí. "Lọ bu eérú wá lábẹ́ àjà pupuru ìyé rẹ. Bu ú dáadáa."

Mo bu eérú wá kún agbọ̀n. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á sójú ilẹ̀ gbọọrọ níwájú ilé, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ ẹ kó tẹ́jú, ó sì ní kí n rìn kọjá lórí rẹ̀ bí mo ti ń rìn lọ sí ilé-ìwé. Mo rìn ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ipasẹ̀ mi bí ẹni ń wo ojú ọgbẹ́.

"Wò ó. Gìgísẹ̀ gbẹ́ kòtò. Ọmọ-ìka kò tilẹ̀ kan ulẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjú sí Òkìtìpupa, ẹsẹ̀ òsì kọjú sí Òde-Ayé. Ìwọ fúnra rẹ, Igbotako lò ń lọ. Báwo lẹ ó ṣe débẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, kò sí bí mo ṣe lè ṣe é. Lẹ́yìn náà lòun náà rìn lórí eérú. Ipasẹ̀ tirẹ̀ kò jìn níbì kankan. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn gẹ́rẹ́gẹ́, wọ́n sún mọ́ra, gbogbo wọn sì kọjú síwájú, tòun ti ẹsẹ̀ òsì tó dín ọmọ-ìka méjì.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ìrìn mi ṣe bẹ̀rẹ̀, nínú eérú. N ó rìn, yóò wò ó, yóò fi imọ̀ ọ̀pẹ pa á rẹ́, yóò ní kí n tún un rìn. Ohun tó kọ́kọ́ bá mi jà lé lórí ni bí mo ṣe ń ju ẹsẹ̀. "Ò ń jù ú síwájú bí ẹni ń ju àwọ̀n. Ẹsẹ̀ tó bá jìnnà sí ara, ńṣe ló ń dá ara dúró. Jẹ́ kó bọ́ sábẹ́ rẹ. Gbé e kúrú, gbé e yá." Mo rò pé ìgbésẹ̀ gígùn ló ń mú ni yára, nítorí bàbá mi ni mo máa ń wò, ọkùnrin tó ga, tó ń fi ìgbésẹ̀ kan gba ọ̀nà tí èmi ń fi mẹ́ta gbà. Bàbá Onígẹdú ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ni itan rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, orúnkún. Ó ní orúnkún mi gan pa bí òpó ilé, kí n dẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn orúnkún, ọmọ-ìka. "Àtàǹpàkò ni ẹsẹ̀ fi ń dágbére fún ulẹ̀. Tì í sẹ́yìn kó o tó gbéra. Bó o bá ti ulẹ̀ sẹ́yìn, òun náà yóò tì ọ́ síwájú, ọ̀fẹ́ ni." Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ ojú. Mo máa ń wo ẹsẹ̀ mi kí n má baà fẹsẹ̀ kọ, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni mo ń fẹsẹ̀ kọ. Ó ní ìdí gan-an nìyẹn. Ẹsẹ̀ tí mò ń wò ti débi tó ń lọ. Ibi tó kàn ló yẹ kí ojú mi wà.

Nígbà tó yá, a kúrò nínú eérú, a bọ́ sí ọ̀nà. Ó bá mi lọ sí àbàtà, ó sì fi bí a ṣe ń rin ẹrẹ̀ hàn mí: ọmọ-ìka ni kó kọ́kọ́ wọlé, gìgísẹ̀ ni kó kọ́kọ́ jáde, kí ẹrẹ̀ má baà fà ọ́ mọ́ra. Bí ọ̀nà bá ń gòkè, kí n gé ìgbésẹ̀ kù. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí n má fi gìgísẹ̀ kọ̀ fún un. Lórí ìtì igi tó dábùú odò, ó ní kí n dagun ẹsẹ̀ díẹ̀, kí n yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ọmọ-ìka lè rí igi dì mú. Mo dúró ní àárín igi náà, mò ń wo omi.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń ronú bí n ó ṣe gbé èyí tó kàn, Bàbá."

"Inú ulé la ti ń ronú. Máa bọ̀."

Mo máa ń fẹ́ parọ́ pé ojú ẹsẹ̀ ló yé mi. Rárá o. Ńṣe ló kọ́kọ́ burú sí i. Iṣan ẹsẹ̀ mi ń ro mí níbi tí kò ti ro mí rí, ìyá mi sì ń fi àdí gbígbóná ra á fún mi lálaalẹ́, tó ń kùn sí bàbá náà pé ó fẹ́ fi ọmọ òun ṣe igi gẹdú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rí orin tuntun kọ. Wọ́n ní mò ń rìn bí ẹni tó fẹ́ jí adìyẹ. Mo mú ẹjọ́ wọn lọ bá a. Kò gbé ojú sókè kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́, ohun tí yóò jẹ ló ń wá. Sọ fún wọn bẹ́ẹ̀." N kò sọ fún wọn. Mo kàn ń yọ́ lọ.

Òjò rọlẹ̀, ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. N kò mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan mo dédé rí i pé a ti kọjá ibi kùkùté mi, n kò sì jókòó. Mò ń bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ rí, tó wá ń fi ẹnu rin ọ̀nà! Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá wọn dé lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tó sì yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáájú wọn. Mo yọ̀ nínú ara mi. Ọmọ tí kò bá tíì jẹ́ ẹni ìkẹyìn rí kò lè mọ irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bàbá mi kò rí i. Oko ló ń wà, bí mo bá sì dé kó tó dé, kò mọ̀ bóyá mo rìn dáadáa ni tàbí wọ́n tètè lé wa nílé-ìwé. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó ti rí. Nígbà tí àǹtí Sàpẹ́lẹ̀ wá dé, ṣáájú kí ilé-ìwé tó gba ìsinmi, ó gbé búrẹ́dì wá, ó sì rán aṣọ òdòdó kan wá fún mi. Èèyàn dáadáa ni, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó gbé mi sórí ẹsẹ̀, ó ní mo ti dàgbà, ó ní ọmọ òun yóò fẹ́ràn mi. Aṣọ náà bá mi mu rẹ́gí, n kò sì lè fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo wa wà nínú ẹkù, ibi tí a ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn tí a ti sè títí epo yóò fi jáde lára rẹ̀. Bàbá mi ló ń tẹ̀ ẹ́, ó di igi mú lókè, epo pupa dé kókósẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ gbé garawa kan lọ sí ọjà Igbotako lọ́jọ́ kejì kí owó ọdún lè yọ. Ó ń sọ fún àǹtí mi pé bí òun bá ti tọjà dé, a lè máa múra. Bàbá Onígẹdú wọlé, ó kí wa kú iṣẹ́, ó dúró létí ẹkù.

"Mo gbọ́ pé o fẹ́ rán ọma yìí lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e."

"Ó ti ń gbé e. Mo ti kọ́ ọ."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ti àfojúdi. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹsẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń kọ́. Bí Ọlọ́run ṣe dá a la ṣe ń lò ó."

"Ọlọ́run ló dá ẹnu náà. Ṣé ìyé rẹ kò kọ́ ọ lọ́rọ̀ ni?" "Ọ̀la lò ń lọ Igbotako. Jẹ́ kẹ́ ẹ jọ lọ. Bó bá jókòó sinmi lọ́nà, tàbí tó sọnù sí ọ lẹ́yìn, kó bá àǹtí rẹ̀ lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, fi í sílẹ̀ fún ìwé rẹ̀."

Bàbá mi wò mí. Ó wo àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Mo gbà."

Ìyá mi kò sùn dáadáa. Èmi sùn fọnfọn, ẹ gbà mí gbọ́. Ohun tí mo mọ̀, mo mọ̀ ọ́n.

Gbogbo ọmọ ilẹ̀ wa ló mọ̀ pé ẹni tó bá jáde nínú ẹkù gbọ́dọ̀ fi eérú fọ àtẹ́lẹsẹ̀. Omi lásán kò lè bọ́ epo, pàápàá ẹsẹ̀ àgbẹ̀ tó ti sán, tí epo máa ń sá pamọ́ sínú rẹ̀. Bàbá mi mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ pẹ́ lọ́wọ́, ó rẹ̀ ẹ́, ó da omi sí ẹsẹ̀, ó sì lọ sùn. Láàárọ̀, ó gbé garawa epo rù, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dí ẹnu rẹ̀ kó tó fi ọmọrí dé e, a sì kí àwọn ará ilé pé ó dàbọ̀.

Ó ṣíwájú. Ọkùnrin náà mọ ọ̀nà rìn! Ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn gba oko ẹ̀gẹ́ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, èmi náà sì ń tẹ̀ lé e, kúkúrú, kíákíá, mò ń ti ilẹ̀ sẹ́yìn. Ó máa ń yíjú wẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, bí orí tó ru ẹrù ti lè yí mọ. Èmi ló máa ń rí. Nínú igbó ọ̀pẹ, ìrì ń kán, ẹyẹ ń ké, mo ń gbọ́ èémí bàbá mi àti bí epo ṣe ń gbọ̀n nínú garawa. Ó fi kún ìgbésẹ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ já mi sílẹ̀, inú sì bí mi, nítorí kì í ṣe ohun tí a jọ sọ nìyẹn. N kò fi ìbínú náà sí ẹsẹ̀. A kọjá àbàtà, a kọjá kùkùté, a dé odò.

Ìrì ti rin orí igi náà gbindin. Bàbá mi kò dúró, ó fi gìgísẹ̀ gùn ún bó ti ń gùn ún láti ọjọ́ tó ti dáyé. Nígbà tó dé ìdajì, epo àná inú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pàdé ìrì. Mo rí i tí ẹsẹ̀ kan lọ. Mo rí garawa tó já sómi, tó ń léfòó lọ sétí odò lọ́hùn-ún. Bàbá mi wọ inú omi tó mù ún dé itan, ó jókòó sínú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Bàbá mi wo ẹ̀yìn, èmi ló rí.

Mo dagun ẹsẹ̀, mo gba orí igi náà kọjá, mo sọ̀ kalẹ̀ létí omi lọ́hùn-ún, mo na ọwọ́ sí i. Ó wọ́ jáde. Ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti yẹ̀, ó ti ń wú lójú wa. Garawa dára, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò jẹ́ kí epo ṣòfò.

"Máa lọ," ni bàbá mi wí. "Wọ́n máa lu agogo. N ó jókòó níbí títí ẹnì kan á fi kọjá."

"Ẹ bá mi gbé e rù, Bàbá."

"Ẹrù yìí? Ìwọ?"

"Ẹ bá mi gbé e."

Ó wò mí títí, ó ká òṣùká, ó sì bá mi gbé garawa náà lé orí. Ó wúwo, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ọrùn mi fẹ́ wọ inú èjìká. Ṣùgbọ́n mo dẹ orúnkún, mo jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa bọ́ sábẹ́ mi, mo wo iwájú, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó gé igi kan, ó ń fi í tilẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé, èmi ni mo wà níwájú bàbá mi lójú ọ̀nà. A yọ sí títì. Níbẹ̀ ló ti ní, "Epo yìí kò dún."

"Báwo, Bàbá?"

"Lórí tèmi, ó ń dún gbọ̀ngbọ̀n. Lórí rẹ, kò dún."

Mo kàn ń rìn.

Mo gbé epo fún un dé ọjà, mo sì pẹ́ sí ilé-ìwé. Tíṣà wa kì í gbọ́ àwíjàre. Ó ti ní kí n na ọwọ́ kó nà mí lẹ́gba, nígbà tí mo rí bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, tó fi ara ti igi rẹ̀, tí ṣòkòtò rẹ̀ ṣì tutù. Gbogbo kíláàsì dìde láti kí i. Ó bọ́ fìlà.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án. Ọma yìí kì í pẹ́. Èmi ló dúró dè." "Yóò máa wá. Lọ́dún tó ń bọ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, títí yóò fi kà á tán. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀."

Ibẹ̀ ni mo ti sunkún, níwájú gbogbo àwọn tó ń fi ẹnu gúnyán fún mi. N kò bìkítà.

Nígbà tí Bàbá Onígẹdú gbọ́ ìtàn náà, garawa ló kọ́kọ́ bá mi wí sí. Ó ní òun kò kọ́ mi láti rin ìrìn alárù. Lẹ́yìn náà ló bu eérú sínú àwo, ó fi ọ̀pá ìgèrè tì í sí iwájú bàbá mi, kó fi fọ àtẹ́lẹsẹ̀. Bàbá mi ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì rín in títí ìgò ògógóró fi jáde lábẹ́ àga. Àǹtí mi fi aṣọ òdòdó náà sílẹ̀ fún mi, ó ní kí n máa wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì mú ọmọ ìbátan wa mìíràn tó ti jáde ìwé lọ.

Bàbá náà kú nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Wọ́n ti sin ín kí n tó gbọ́. Mo lọ dúró níbi ibojì rẹ̀ lẹ́yìn ilé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sókè ketekete, mo sì sunkún bí mo ṣe fẹ́. Mo ti fi ẹsẹ̀ tó kọ́ mi dúró níwájú kíláàsì láti àárọ̀ dé ọ̀sán fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, n kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀yìn dídùn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi ọ̀pá tilẹ̀ báyìí. Èmi ṣì ń rìn lọ sí ọjà, mo sì máa ń ṣáájú àwọn ọmọ-ọmọ mi débẹ̀. Mo gbà pé ìgbéraga díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Bàbá mi pẹ́ láyé. Ní àwọn ọdún ìkẹyìn rẹ̀, àìsàn kan dá a wó, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀, gbogbo wa sì rò pé orí ẹní ló máa wà títí. Èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀. Mo gbà á mọ́ra láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé e dìde, mo ní ká rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó fẹ́ ju ẹsẹ̀ síwájú bó ti máa ń ṣe, ọkùnrin gíga yẹn, ẹsẹ̀ náà sì kọ̀. Mo ní, "Ẹ má jù ú, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó kúrú. Ẹ dẹ orúnkún." Ó ṣe é. A rìn, a dúró, a tún rìn.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, tí oòrùn kan ojú rẹ̀, ó di apá mi mú.

"Ká ní mo rán ọ lọ Sàpẹ́lẹ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ ti wúwo lẹ́nu, "ta ni ì bá máa kọ́ mi ní ìrìn lónìí?"

Mo ní kó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì gbé e.